Irú Iṣẹ́ Wo Ni Yóò Kan Ọmọ Wa?

  Ìwé tí mo fẹ́ dáhùn ní ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ ìyá kan ni ó ti wá. Ó ní ọmọbìnrin òun ti jáde ilé-ìwé girama láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sì tíì rí nǹkan gbòógì ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan wà nítòsí wọn tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àti fóònù pọ̀. Àwọn tí ó ni ín ń kọ́ ilé kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ìròyìn sì ti tàn ká àdúgbò pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni wọn yóò gbà síṣẹ́. Ọmọ ti kọ fọ́ọ̀mù. Ìyá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n baba takú. Ó ní ọmọ òun kò ní ṣe iṣẹ́ tí yóò máa mú un jáde nílé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sì ní wọlé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wá di ohun tí tọkọtaya kò fi lè jókòó jẹun pọ̀ mọ́. Ìyá wa ní kí n bá àwọn dá a.

Èmi kì í ṣe adájọ́, n kò sì ní wọ àárín lọ́kọláya. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí wọn ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Màléṣíà, lọ́hùn-ún ní apá ìlà-oòrùn ayé, tí ó ti la èyí kọjá láti ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ sẹ́yìn. Penang ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọbìnrin tí ó wọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Mùsùlùmí bíi tiwa ni, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ apẹja, tí ìyá ń bẹ̀rù fún, tí baba sì ń lọ́ra láti yọ̀ǹda. A mọ bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀, a sì mọ ibi tí ó já sí. Ẹ jẹ́ kí n rò ó, kí baba náà bá wa gbọ́.

Erékùṣù ni Penang. Láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé wọn kì í gba owó ibodè lórí ọjà tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí ìlú náà fi ń jẹun nìyẹn. Ní 1969 ìjọba mú ẹ̀tọ́ yìí kúrò lọ́wọ́ wọn, ni ọjà bá tú. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó lè ṣiṣẹ́, ó ju ẹyọ kan lọ tí kò rí nǹkankan ṣe, àwọn ọ̀dọ́ ni ó sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni oníṣègùn òyìnbó kan, Dókítà Lim Chong Eu, di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ bíbí ibẹ̀ ni, ó sì wà lórí oyè títí di 1990. Ó rí i pé ọjà títà nìkan kò lè bọ́ ìlú mọ́. Ó kọjú sí àwọn onílé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan, ó ní kí wọ́n máa bọ̀: ilẹ̀ wà, iná wà, wọn kò sì ní san owó ibodè lórí ohun tí wọ́n bá kó wọlé tàbí tí wọ́n bá kó jáde.

Ní Bayan Lepas, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì nínú ẹrẹ̀, ni wọ́n ti gé ilẹ̀ fún wọn. Ní 1972 ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà kọ́ ilé síbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn odi. Mílíọ̀nù 1.6 dọ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1975, òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ti súnmọ́ 1,000. Hewlett-Packard, Hitachi, Bosch àti àwọn mìíràn dé ní nǹkan bí àkókò kan náà.

Kí wá ni iṣẹ́ náà? Nínú rédíò, nínú fóònù, nínú kọ̀ǹpútà, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù. Òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ. Òmíràn nínú wọn kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè dá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti fi okùn wúrà so ó yí ká, kí iná lè máa gba ojú okùn wọlé kí ó sì máa gba ibẹ̀ jáde. Okùn wúrà náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Iṣẹ́ sísò yìí ni wọ́n gbé wá sí Penang. Ọmọbìnrin yóò jókòó, yóò fi ojú méjèèjì sí máíkírósíkóòpù, ìyẹn awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá, yóò sì máa so okùn mọ́ ṣíìpù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá parí ọ̀kan, òmíràn ti dé. Wákàtí mẹ́jọ.

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, abẹ́rẹ́ ni mo fi jẹun nígbà èwe mi. Mo mọ ohun tí ojú ń rí bí ènìyàn bá ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀ títí di àkókò ìrun Àsárì. Nítorí náà nígbà tí mo kà á pé orí ń fọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, pé ojú ń ta wọ́n, tí òmíràn kò sì ríran jìnnà mọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, n kò ní kí ẹnikẹ́ni búra fún mi.

Àwọn ọ̀gá ní nítorí pé ìka obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ṣe fẹ́ obìnrin, àti pé obìnrin ní sùúrù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọn kò sọ ni pé owó tí wọ́n ń san fún obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, àti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé kò mọ ẹni tí yóò kọjú sí bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òru tí baba ń jà sí. Ẹ̀rọ tí a fi owó gọbọi rà, ẹni tí ó ni ín kì í fẹ́ kí ó sùn. Ṣíìfù mẹ́ta ni wọ́n pín ojúmọ́ sí: ti òwúrọ̀, ti ọ̀sán, ti òru, wọn a sì máa yí àwọn ọmọ láti ọ̀kan dé èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò fi ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sùn. Ẹ má sì rò pé kò sí òfin. Òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ náà ní 1955 sọ pé a kò gbọdọ̀ fi obìnrin síṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ láti agogo mẹ́wàá alẹ́ sí agogo márùn-ún ìdájí, àyàfi bí ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó iṣẹ́ bá yọ̀ǹda. Wọ́n yọ̀ǹda. Gbólóhùn náà wà nínú ìwé òfin bẹ́ẹ̀, tí àwọn ọmọ sì ń ṣiṣẹ́ òru, títí ìjọba fi ṣe àtúnṣe ní 2022 tí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Òfin iṣẹ́ ti 1974 ní ilẹ̀ wa níhìn-ín náà fi irú rẹ̀ sínú, ó ní a kò gbọdọ̀ gba obìnrin sí iṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, bí kò ṣe nọ́ọ̀sì tàbí obìnrin tí ó bá wà ní ipò ọ̀gá. Nítorí náà, ìyá wa, ọkọ yín kì í ṣe alágídí lásán. Àwọn kan ní irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo obìnrin, àwọn mìíràn ní ṣe ni ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní tèmi, mo rò pé ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà dé ilé ni ó léwu ju òru fúnra rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ni ó ń gbé àwọn ọmọ Penang, ó ń já wọn sílẹ̀ lẹ́bàá abúlé wọn. Àwọn tí ilé wọn wà ní òdì kejì omi a máa wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá, títí wọ́n fi ṣí afárá ńlá ní 1985.

Ẹnu ayé kò ṣàì bá wọn. Minah jẹ́ orúkọ obìnrin tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn. Àmínátù tiwa náà ni. Karan sì ni wọ́n ń pe iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ni ìlú bá sọ àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ ní “Minah Karan”, bí ẹni pé àwa ní “Àmínà Oníná”. Ẹ̀gàn ni o. Wọ́n ní wọ́n ń wọ aṣọ tí kò bo ara, wọ́n ní wọ́n ń fi owó ṣe fújà, wọ́n ní òru ni wọ́n ń rìn. Bẹ́ẹ̀ òru tí wọ́n ń rìn náà, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń bọ̀! Àwọn tí ó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, òmíràn nínú wọn wà lábẹ́ òrùlé tí owó ọmọ oníná kan kàn.

Owó yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dé ilé. Ilé tí wọ́n fi ewé bo tẹ́lẹ̀ di ilé onípáànù. Àbúrò tí kì bá ti kúrò ní ilé-ìwé jókòó síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé dáadáa tún ń rí nǹkan fi sínú àpótí owó ogbó tí ìjọba ti dá sílẹ̀ láti 1951, tí ọ̀gá náà sì ní láti fi tirẹ̀ kún un. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni Tabung Haji. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ilẹ̀ náà tí ó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà a máa kó owó pamọ́ sínú ilé, a máa ta màlúù, a máa ta ilẹ̀ baba rẹ̀, bí ó bá dé láti Hájì a sì di ẹni tí kò ní oko mọ́. Ní 1963 ni àpótí ìfowópamọ́ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún irú wọn, tí tálákà lè máa sọ díẹ̀díẹ̀ sínú rẹ̀, láìsí èlé, títí yóò fi pé. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù, bí ó ti wù kí owó náà kéré tó, lè máa fi sí i fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ta ni nínú yín tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wù? Àdínì wa kò sì rí i bí ohun àjèjì pé kí obìnrin ní owó. Nànà Hadijátù, ìyàwó Ànábì wa, oníṣòwò pàtàkì ni. Owó tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ fún ní ọ̀nà hálààlì, tirẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ èyí tí ó dùn kí n fi èyí tí ó korò sílẹ̀. Ní 1978, ní ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní Sungai Way, nítòsí Kuala Lumpur tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ náà, àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fi ojú sí máíkírósíkóòpù ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní àwọn rí ànjọ̀nú. Èyí ń sunkún, èyí ń jà, ó sì ń ràn láti orí ìjókòó kan dé òmíràn. Àwọn tí ó mú tó 120. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Àwọn ọ̀gá lọ pe oníṣègùn ìbílẹ̀, ó wá pa ewúrẹ́ sínú ọgbà. Kì í ṣe ìgbà kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ náà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Aihwa Ong, obìnrin onímọ̀ kan tí ó jẹ́ ọmọ Penang, lọ gbé láàrin àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin ní ìgbèríko Selangor, ó sì kọ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ wọn ní 1987. Ohun tí ó rí ni pé àwọn ọmọ tí wọn kò lè sọ fún ọ̀gá pé ó tó gẹ́ẹ́, ara wọn ni ó bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹran pípa fún ànjọ̀nú kò sí nínú ẹ̀sìn wa. Orúkọ Ọlọ́hun nìkan ni a fi ń pa ẹran. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu kì í ṣe ewúrẹ́ náà. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n kọ̀ láti gbà pé ó rẹ ọmọ, kíá ni wọ́n gbà pé ànjọ̀nú ni. 

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kò sì dúró lójú kan. Ní 1985 sí 1986 ọjà ṣíìpù wó lulẹ̀ kárí ayé, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí sì dá òṣìṣẹ́ dúró ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí okùn wúrà, iṣẹ́ wo ni yóò fi ọgbọ́n yẹn ṣe lọ́jà? Kò sì sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò gbà wọ́n sọ, nítorí ìjọba kò fẹ́ kí àwọn olówó òkèèrè bínú lọ. Ó di 1988 kí wọ́n tó gbà pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má bá ti ilé kejì da pọ̀.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọgbọ́n kọ́ nínú ìtàn Penang nìyí. Àwọn onílé-iṣẹ́ òkèèrè kì í pẹ́ kó ẹrù wọn lọ sí ibi tí owó òṣìṣẹ́ bá ti kéré sí ti ìwọ. Iná jó ilé-iṣẹ́ Intel ní Penang ní 1975, gbogbo ènìyàn rò pé ó parí, wọ́n sì tún un kọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ tí í so okùn wúrà fúnra rẹ̀ dé, tí ìka tẹ́ẹ́rẹ́ kò ṣe dandan mọ́, wọn kò tún lọ. Kí ni ó dá wọn dúró? Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju sísò lọ ni. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yẹ ṣíìpù wò, bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, bí a ṣe ń darí ilé-iṣẹ́. Ní 1989, ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ilé-iṣẹ́ pawọ́ pọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀, Penang Skills Development Centre. Ilé-iṣẹ́ tí ń bá ara wọn dupò ní ọjà jókòó pọ̀ síbẹ̀, wọ́n ní irú òṣìṣẹ́ báyìí ni a fẹ́, ẹ jẹ́ kí a jọ kọ́ wọn. Àwọn ẹnjiníà ọmọ ìlú tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá fún òyìnbó jáde, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Globetronics tí àwọn tí ó ti wà ní Intel dá sílẹ̀ ní 1991 jẹ́ ọ̀kan. Lónìí, nínú iṣẹ́ dídi ṣíìpù àti yíyẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo ayé, nǹkan bí ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ti ọwọ́ Màléṣíà jáde. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà nínú fóònù tí ó wà nínú báàgì yín.

Ẹ wá wo ohun tí fífẹ ilé-iṣẹ́ ti dà. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2021 ni Intel kéde pé òun yóò fẹ iṣẹ́ òun ní Màléṣíà, ní Penang pàápàá, pẹ̀lú bílíọ̀nù 7 dọ́là láàrin ọdún mẹ́wàá. Iṣẹ́ tí wọ́n ní yóò tibẹ̀ wá lé ní 4,000 nínú ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àti èyí tí ó lé ní 5,000 fún àwọn tí yóò kọ́ ilé. Mo mú bírò, mo pín in. Ní ìgbà ti 1972 sí 1975, bí a bá fi mílíọ̀nù 1.6 ti ìbẹ̀rẹ̀ pín sí ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, dọ́là 1,600 ni ó kan iṣẹ́ kan. Ní ti 2021, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là fún iṣẹ́ kan. Mo mọ̀ pé dọ́là àná kọ́ ni dọ́là òní. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ọjà, ẹ rí i: owó tí ó ń wọ inú ẹ̀rọ ti pọ̀ gan-an, ọwọ́ ènìyàn tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ sì ti dín kù. Ọmọ tí ó jáde girama lásán, tí ìka rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe òun ni wọ́n ń wá mọ́. Ẹni tí ó lè bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá.

Ìlérí náà kò sì dúró sójú kan. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì 2024, Intel yìí kan náà kéde pé òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 15,000 ni òun yóò dín kù káàkiri ayé, ọ̀gá àgbà tí ó ṣe ìkéde Penang sì kúrò lórí àga nínú oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà. Ilé ti gòkè o, ṣùgbọ́n iye tí a kà sí etí ènìyàn ní ọjọ́ ìkéde, kí a má tíì fi ra páànù.

Ohun kan tún kù tí ń kò fẹ́ gbé mì. Nígbà tí ọmọ onílé kò fẹ́ iṣẹ́ ìjókòó náà mọ́, ta ni ó ń ṣe é? Àwọn ará Nepal, Bangladesh àti Indonesia ni. Wọ́n yá owó ní ìlú wọn kí wọ́n tó rí iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe. Ní 2014, àwọn olùwádìí kan tí wọ́n ń jẹ́ Verité bá 501 òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ náà, wọ́n sì rí i pé mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wọn wà nínú iṣẹ́ àfipáṣe: gbèsè wà lọ́rùn wọn, ìwé ìrìnnà wọn sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ rántí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ yín san owó kí ó tó rí iṣẹ́.

Ó yá, ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a padà sí ìwé yín. Ẹ kò sọ fún mi iye tí wọn yóò san, ẹ kò sì sọ bóyá kásúà ni wọn yóò fi í ṣe tàbí sítáàfù. Èyí ṣe pàtàkì ju iye ọmọ tí wọn yóò gbà lọ. Òfin ilẹ̀ wa ní, kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá gbọdọ̀ ti fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti àkókò rẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì ní, níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọ̀gá máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí i, kí òṣìṣẹ́ fi mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ní kásúà ni, kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́, kí ó máa gba owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ mọ̀ pé kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láìsí ìjà. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ohun tí ọmọ yóò mọ̀ lẹ́yìn ọdún kan tí kò mọ̀ lónìí. Bí wọn yóò bá kọ́ ọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rọ wò, tí a ń tún un ṣe, iṣẹ́ nìyẹn, ibikíbi ni ó lè gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìdè kan náà ni yóò máa dè títí, kí ó lọ fún ọdún kan tàbí méjì, kí ó fi owó rẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ bà jẹ́ síbẹ̀. Ibi tí yóò ti kí ìrun ńkọ́? Mágàríbì kì í dúró de ìparí ṣíìfù.

Ní ti òru, mo bẹ baba kan ṣoṣo. Kí ó tó sọ pé rárá, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà nígbà tí ṣíìfù bá ń yí. Ẹ wo bóyá bọ́ọ̀sì wà tí ń dúró, àbí ẹ̀yìn ọ̀kadà ni àwọn ọmọ ń gùn wọ inú òkùnkùn. Ẹ wo ojú àwọn tí ó ń jáde. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ kí i bí ọmọ yín, kí ẹ bi í léèrè ìgbà tí ó gba owó kẹ́yìn. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, kí n gbọ́ ohun tí ó sọ.